Bàbá Ayùn Dùbúlẹ̀ Sí Ẹsẹ̀ Àtẹ̀gùn

Títí di òní, bí o bá dárúkọ Bàbá Ayùn ní àdúgbò sọ́míìlì ní Ọ̀wọ̀, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún ọ ni ọjọ́ tó nà gbalaja sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, tí odidi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ẹnu Afeezat ni ìtàn náà ti dùn jù, torí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni wọ́n gun òkè lọ sọ lọ́jọ́ náà.

Sylvanus ni wọ́n sọ bàbá náà nígbà ìrìbọmi ní Isuada. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ di Bàbá Ayùn, nítorí òun ló ń pọ́n ayùn fún gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kú tipẹ́. Tí o bá bi í pé kí ló ṣe é, á ní igi ìrókò kan ló wó lu òun lọ́nà Arimogija. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, igi náà á ti di méjì. Kó tó di Kérésì, ẹkùn á ti wà lórí ọ̀kan nínú wọn.

Ti Afeezat kò ní àròsọ nínú. Ayùn ló gé ọwọ́ òsì rẹ̀ já, níbi iṣẹ́, lójú gbogbo èèyàn. Nígbà tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹgbẹ́ pe ìpàdé. Òfin wọn ni pé ẹni tí kò bá lè gbé pákó mọ́ ti kúrò nínú ẹgbẹ́ nìyẹn, ẹni tí kò bá sì sí nínú ẹgbẹ́, kò sí ọ̀gá tó máa gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń bọ́ ìyá rẹ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sì ti ń ṣèpàdé, torí Alága Boniface gbà pé ẹgbẹ́ tí kò bá sí lókè, èèyàn ò ní kà á kún. Bàbá Ayùn, tó ń gbowó ayùn pípọ́n lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láìsí nínú ẹgbẹ́, kò gun òkè náà rí. Wọ́n ní kí Afeezat náà dúró sísàlẹ̀.

"Ohun tí a bá fẹnu kò sí, a máa ránṣẹ́ rẹ̀ sí ọ," Christopher, akọ̀wé ẹgbẹ́, wí.

Afeezat bú sẹ́kún. Bàbá Ayùn wò ó láti orí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa ń fi ọwọ́ wà. "Gbé ẹnu ẹ dákẹ́ jàre. Ràn mí lọ́wọ́, kí n sọ̀ kalẹ̀." Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ká fìlà rẹ̀, ó gbé orí lé e, ó sì nà tàntàn láti ògiri dé ògiri. Ẹ̀rù ba Afeezat, ó rò pé bàbá dákú ni.

Alága Boniface ló kọ́kọ́ ń bọ̀ nígbà tí wọ́n parí. Oòrùn mú lọ́jọ́ náà, omi inú ọ̀rá tó ti mu kò kéré, ìtọ̀ sì ti ń gbọ̀n ọ́n.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Ká ní mo lè dìde ni, ṣé ìsàlẹ̀ ni wàá bá mi?"

Tahir, tó lágbára jù nínú wọn, ní òun máa dá a kọjá. Bàbá Ayùn ò tilẹ̀ lajú. "Dá mi kọjá, ọmọ mi. Gbé ẹsẹ̀ rẹ gba orí arúgbó. Tí o bá délé, kí o ròyìn rẹ̀ fún ìyá rẹ." Kíá ni Tahir fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ta ló fẹ́ kí ìlú gbọ́ pé òun dá àgbàlagbà kọjá bí ẹni dá gọ́tà kọjá?

"Kí lẹ fẹ́ gan-an?" Boniface pariwo.

"Ìpàdé."

"A ti ṣèpàdé tán!"

"Ẹ ti ṣe tiyín. Ẹ jókòó, ká ṣe tiwa."

Ni wọ́n bá tò sórí àtẹ̀gùn, alága fún itan pọ̀, ó ń làágùn. Christopher ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Afeezat máa lọ nawọ́ sókè. Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè.

"Ẹ má tíì sọ ọ́ kalẹ̀ o," Bàbá Ayùn wí láti ilẹ̀. "Boniface, àtàńpàkò rẹ dà? Christopher, ọmọńdinrín ńkọ́? Tahir, èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ yẹn, ṣé ìka ni àbí kùkùté?" Kálukú wo ọwọ́ ara rẹ̀ lókè. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ayùn mú ọwọ́ ọmọ yìí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mú tiyín. Òfin tí ẹ fẹ́ fi lé e lọ yìí, ara yín lẹ ṣe é dè."

Ọwọ́ ń wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìtìjú mú Tahir, ó fi tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ apá.

"Ó tó!" Boniface figbe ta. "Afeezat wà nínú ẹgbẹ́! Òfin yẹn ti kú! Ìsàlẹ̀ ni gbogbo ìpàdé láti òní lọ! Bàbá, ẹ dákun, ẹ sún díẹ̀!" Bàbá Ayùn sún. Wọn ò rí alága ẹgbẹ́ tó sáré báyẹn rí.

Láti ọjọ́ náà, abẹ́ igi máńgòrò ni ìpàdé wà. Bàbá Ayùn mú Afeezat sọ́dọ̀, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pọ́n ayùn. Ó gbẹ́ igi kan tó ń di ayùn mú gírígírí, kí Afeezat lè máa fi ọwọ́ kan lo fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ọn. Ó sọ igi náà ní Ọwọ́ Òsì. Bí Afeezat bá pẹ́ dé, á ní, "Ọwọ́ Òsì ti wà níbi láti àárọ̀. Ìwọ ńkọ́?"

Ẹni líle ni, ká má parọ́. Ó so fèrè tírélà mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn Boniface lọ́jọ́ kan. Alága fò, ó bọ́ sínú òkìtì èérún pákó. "Mo kàn ń kí ọ ni," Bàbá Ayùn wí.

Tí Afeezat bá sì ní, "Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an," á gbójú kúrò. "Kí ni mo ṣe? Ṣebí mo sùn ni."

Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló wá le jù. Tẹ́lẹ̀, tí ẹgbẹ́ bá ń yan lọ sí pápá, wọ́n á ní kí Bàbá Ayùn dúró ti ẹrù. Lọ́dún tí à ń wí yìí, ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ síwájú gbogbo wọn, ó ń wà á jẹ́jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń kọjá lára wọn.

"Bàbá, ẹ yára díẹ̀!" Boniface bẹ̀ ẹ́.

"Ẹni tó bá ń kánjú, kó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé pápá, àwọn aṣáájú ti sọ̀rọ̀ tán, ìrẹsì tí wọ́n ń pín fún àwọn òṣìṣẹ́ náà ti tán. Inú bí wọn gan-an ni. Bàbá Ayùn wo gbogbo wọn yíká, ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ rí i báyìí? Ebi ń pa gbogbo wa pọ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ nìyẹn."

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ló sùn tí kò jí mọ́. Nígbà tí wọ́n sin ín ní Isuada, Afeezat dúró ti sàréè náà, ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé." Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí ẹni bá a jiyàn. Ìyẹn ló pa á lẹ́kún jù.

Ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọdún yìí dé. Ẹsẹ̀ gbogbo wọn ló yá, wọ́n sì ti pinnu pé ìrẹsì ọdún yìí ò ní tán kí àwọn tó dé. Afeezat wá, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ti kẹ̀kẹ́ Bàbá Ayùn, kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó ti í bọ́ síwájú. Taya ń dún kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lórí títì. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, ara Tahir ò gbà á mọ́, ó fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Boniface fa ẹ̀wù rẹ̀. "Tahir, níbo lò ń lọ? O ò rí Bàbá níwájú ni?"

Tahir padà sẹ́yìn. Afeezat gbọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tẹ fèrè tírélà náà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n rìn jẹ́jẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n dé pápá, ìrẹsì ti tán, ebi sì ń pa gbogbo wọn pọ̀.