Níkà Ano, Ẹkùn Ìdìbò Tí Abọ́ Gbà Là

Ọdún mẹ́wàá péré ni ẹkùn ìdìbò Níkà Ano lò láyé. Wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1988, wọ́n sì pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lọ́dún 1998. Kò tóbi. Agboolé mọ́kànlélógún ní Moshie Zongo, ní Kùmásì, nílẹ̀ Gánà. Mọ́sáláṣí kan. Ẹ̀rọ ìlọ-àgbàdo kan.

Ẹ̀rọ yẹn ló fún un lórúkọ. Níkà ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀rọ náà, ẹnu sì ni ano lédè Twi. Sàwúdátù ló ni ín. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn ẹkùn náà, ìtàn Sàwúdátù ni yóò sọ.

Obìnrin gíga. Ìyẹ̀fun nínú ìpéǹpéjú láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohùn tó borí ariwo ẹ́ńjìnnì. Kùmásì ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìlọrin ni bàbá rẹ̀ ti wá ta aṣọ. Lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àlejò tí kò níwèé ìgbélùú kó ẹrù wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn òbí rẹ̀ gun ọkọ̀ akẹ́rù padà sílé. Òun dúró. Ó ti fẹ́ Àúdù, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Kùmásì bíi tirẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Oyún Ràzíátù wà nínú rẹ̀. Ó wo ọkọ̀ náà títí tó fi yà ní kọ́nà, ó sì padà lọ rẹ àgbàdo.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbi ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá dé á gbé abọ́ rẹ̀ sórí ìlà, á sì bá tirẹ̀ lọ. Abọ́ náà ló dúró fún un. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sún un, ì báà ṣe ìyàwó olóyè. Abọ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀: òwú pupa, ìlà ọ̀dà mẹ́ta, ihò tí wọ́n fi òjé dí. Sàwúdátù mọ gbogbo wọn. Tó bá wo ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ẹni tó ń ṣàìsàn, ẹni tó lálejò, ẹni tó bá ọkọ jà.

Lọ́dún 1988 yìí, ìjọba ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí yóò máa sọ̀rọ̀ fún un ní ìgbìmọ̀ ìlú. Wọn ò béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò béèrè ìwé mẹ́wàá. Kí àdúgbò sáà ti ní orúkọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nínú ìwé olùdìbò. Èyí tí kò bá ní tó bẹ́ẹ̀, wọ́n á dà á pọ̀ mọ́ ẹkùn ńlá tó wà nísàlẹ̀ ọ̀nà. Àwọn ará ìsàlẹ̀ ọ̀nà yìí ní omi ẹ̀rọ, wọ́n ní iná, wọn ò sì rántí ará òkè rí.

Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Nǹkan kékeré. Ènìyàn tó wà láàárín agboolé mọ́kànlélógún yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún.

Ṣùgbọ́n wọ́n ń sá fún ìwé.

Yaw, ọ̀dọ́mọkùnrin láti Ayigya tí wọ́n rán wá kọ orúkọ, gbé tábìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Orúkọ Sàwúdátù ni àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, eṣinṣin nìkan ló ń bà lé ìwé. Ni ó bá ń lọ láti ilé dé ilé. Ní agboolé kan, ìyá arúgbó kan jókòó dí ẹnu ọ̀nà.

“Ìyá, ẹ̀yin mélòó lẹ wà níbí?”

“Mẹ́ta.”

Lẹ́yìn ìyá náà, aṣọ kún orí okùn láti ògiri dé ògiri.

“Ta ló ni gbogbo aṣọ wọ̀nyí?”

“Èmi ni. Mo fẹ́ràn aṣọ.”

“Ṣòkòtò ńkọ́?”

“Òtútù máa ń mú mi.”

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

“Màámé,” Yaw sọ fún Sàwúdátù, “àdúgbò yín ti ń lọ o. Bí mo bá pa ìwé yìí dé, kò sí Níkà Ano mọ́.”

Sàwúdátù mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá. Ọ̀dọ̀ Àlúfáà Bákàrè ni. Àlúfáà yìí ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kùránì, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ sì dára ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi bẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1969 pé kó kọ orúkọ gbogbo ará Ìlọrin tó wà ládùúgbò, kí wọ́n lè fi gba ìwé ìgbélùú. Ó kọ ọ́. Igba orúkọ ó lé méjìlá, lẹ́sẹẹsẹ. Bí ìwé náà ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ò mọ̀. Ìwé náà ni àwọn ọlọ́pàá fi ń wá wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, Àlúfáà kò kọ orúkọ ènìyàn mọ́. Ohun tó máa ń wí ni pé, “Ẹni tí a ò kọ orúkọ rẹ̀, a ò lè pè é jáde.” Gbogbo àdúgbò di ọ̀rọ̀ náà mú bí àdúrà.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, Sàwúdátù lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Àlúfáà, ẹ kú ìsinmi o. Orúkọ yín ni mo wá gbà.”

“Orúkọ mi? O bímọ ni? Lọ́jọ́ orí rẹ yìí?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Baba. Orúkọ tí Yaw máa kọ ni.”

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu bàbá náà. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síta, ó ń wò ó bí ohun tí ẹlòmíràn gbàgbé sílé rẹ̀.

“Sàwúdá, bàbá rẹ wà nínú ìwé yẹn. Òun ni ẹnìkẹtàdínlógún. Ọwọ́ yìí ló kọ ọ́.”

“Mo mọ̀, Baba.”

“O mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tí wọ́n lọ ni mo ti mọ̀. Èmi náà ni mo sì ń lọ àgbàdo yín láti ìgbà yẹn. Ṣé ẹ ti rí òkúta nínú rẹ̀ rí?”

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Àlúfáà.

“Ìwé ìgbà náà, ìwé àlejò ni. Èyí, ìwé onílé ni. Baba, bí abọ́ yín ò bá sí lórí ìlà, ta ló máa mọ̀ pé ebi ń pa yín?”

Sàwúdátù dìde, ó lọ sílé. Àúdù ń fẹ́ táyà lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Ràzíátù, kí ni Àlúfáà wí?”

“Kò wí nǹkan kan.”

“Ó dáa nìyẹn. Lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ rẹ, bàbá rẹ náà ò wí nǹkan kan.”

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ ń pariwo, àwọn obìnrin dúró yí i ká. Àlúfáà Bákàrè yọ láti ẹ̀gbẹ́ mọ́sáláṣí. Agbádá funfun. Lọ́wọ́ rẹ̀, abọ́ aláwọ̀ búlúù tó ní òwú pupa létí. Fúnra rẹ̀ ló gbé e. Ẹnikẹ́ni kò rí i kó gbé abọ́ rí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá. Ó gbé abọ́ náà kalẹ̀ níwájú tábìlì Yaw.

“Baba, ọ̀hún ni wọ́n ti ń lọ àgbàdo,” ni Yaw wí.

“Mo mọ̀. Òfo ni. Èmi ni kí o kọ.”

Yaw kọ ọ́. Àlúfáà tẹ̀ síwájú, ó wo ìwé náà fínnífínní.

“Bákàrè. Ó tọ́.” Ó nà ró. “Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ ò dára tó tèmi.”

Nígbà náà ni Sàwúdátù pa ẹ́ńjìnnì.

Ìdákẹ́jẹ́. Àdúgbò náà kò gbọ́ irú rẹ̀ lówùúrọ̀ rí láti ọdún tí ẹ̀rọ ti dé. Àwọn ènìyàn ń sáré jáde. “Ta ló kú? Ta ló kú?” Kò sẹ́ni tó kú. Abọ́ Àlúfáà ni wọ́n rí, níwájú tábìlì, òun nìkan.

Obìnrin kan gbé abọ́ tirẹ̀ tòun ti àgbàdo, ó gbé e tì í. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn. Àwọn ọkùnrin tó jẹ́ pé inú abọ́ nìkan ni wọ́n mọ̀ ń béèrè èwo ni ti ilé wọn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ìlà náà ti dé mọ́sáláṣí, ó ti yà sẹ́yìn rẹ̀.

“Kí ni gbogbo èyí?” Yaw dìde, ó di orí mú.

“Ènìyàn ni,” ni Sàwúdátù wí. “Máa kọ.”

Ìyá arúgbó tó fẹ́ràn aṣọ náà dé, ogójì ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀.

“Ọmọ mi,” ó ní, “àwọn aṣọ mi ti dé o.”

Bírò mẹ́rin ló tán. Orúkọ mẹ́tàlélọ́gọ́rin di ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìndínláàádọ́jọ. Níkà Ano dúró.

Wọ́n ní kí Sàwúdátù náà jáde fún ipò náà. Òfin ìgbà náà ni pé kí gbogbo olùdíje jókòó sórí pèpéle kan náà, lọ́jọ́ kan náà, kí àdúgbò gbọ́ ti gbogbo wọn. Kojo, tísà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó béèrè ohun tí ẹni tó ń lọ àgbàdo mọ̀ nípa ìgbìmọ̀ ìlú.

Sàwúdátù dìde. “Tísà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Kókó àgbàdo tí ẹ mu láàárọ̀ yìí, ta ló lọ̀ ọ́?”

Ariwo náà dé ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ó wọlé pẹ̀lú ìbò tó fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti tísà lọ. Lọ́dún 1991, omi ẹ̀rọ dé òkè, ojú ibi tí tábìlì Yaw wà ni wọ́n ri ẹnu rẹ̀ mọ́. Nígbà tí Àlúfáà Bákàrè kú lọ́dún 1993, inú Kùránì rẹ̀ ni wọ́n ti bá káàdì ìdìbò rẹ̀, ó fi sàmì ojú ewé.

Yaw náà ló mú lẹ́tà wá lọ́dún 1998. Ó ti sanra. Kò lè wo ojú Sàwúdátù.

“Màámé, wọ́n ti pa orúkọ Níkà Ano rẹ́.”

“Nítorí kí ni?”

“Orúkọ inú ìwé yín. Ó ti ju ti ẹkùn kan lọ. Wọ́n pín yín sí méjì.”

“Tún un sọ.”

“Ẹ ti pọ̀ jù, Màámé.”

“Pariwo rẹ̀, Yaw, ẹ̀rọ ń dún.”

“Ẹ ti pọ̀ jù!”

Sàwúdátù nu ìyẹ̀fun ojú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn lówùúrọ̀, láti ọdún tí ẹ̀rọ ti dé. Ilẹ̀kùn ń ṣí láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn ń tú jáde, àtijọ́ àti tuntun, ojú títì kún, Àúdù ló ṣáájú wọn pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́.

“Ta ló kú?”

“Níkà Ano ni,” ni Sàwúdátù wí, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀. “Kò gbà wá mọ́.”