Ààrò Tó Ń Gbààwẹ̀

Alágbẹ̀dẹ tó rọ ààrò náà ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìdáná mi ló ti ṣẹlẹ̀, ojú mi méjèèjì sì là sílẹ̀.

Ìyá mi ń bá mi gbé ní àdúgbò Tayi Village, lápá àríwá. Igi ló fi ń dáná láti kékeré ní Ìlọrin, èéfín sì ti ba àyà rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní kò gbọdọ̀ jókòó ti èéfín mọ́. Gáàsì ńkọ́? Ìyá ní òun ò lè bá ohun tó ń pòṣé gbé. Ni mo bá ní kí alágbẹ̀dẹ kan, ọmọ Tápà ní àdúgbò Bosso, rọ ààrò onírin tó ní ọ̀pá èéfín. A gbé e sínú pẹpẹ amọ̀, ọ̀pá rẹ̀ yọ sórí òrùlé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó jó dáadáa. Lọ́sẹ̀ kejì, ọyẹ́ dé, ààrò sì kọ̀, kò móoru. Igi á dúdú, kò ní jó. Ìyá gbé omi kaná títí ó fi sú u.

"Ọmọ mi, ṣé ààrò rẹ ń gbààwẹ̀ ni? Bí kò bá móoru kí Àlàmísì tó dé, mo ń lọ sí Ìlọrin. Òkúta mẹ́ta tí mo fi ń dáná ṣì wà níbẹ̀."

Mo mọ ohun tí òkúta mẹ́ta yẹn máa fi àyà rẹ̀ ṣe.

Mo ra igi tó gbẹ. Mo kó eérú. Mo gun òrùlé, mo fi ìgbálẹ̀ gbá inú ọ̀pá náà. Òtútù nìkan ni mo rí níbẹ̀. Mo ránṣẹ́ pe alágbẹ̀dẹ.

Ó dé, ó kí Ìyá ní "Sannu, Hajiya," ó dojú bolẹ̀ nídìí ààrò, ó dìde, ó sì fà mí jáde.

"Màálàmù, ta ló ń rẹ́ pẹpẹ yẹn?"

Ìyá ni. Gbogbo Àlàmísì ló ń fi amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù rẹ́ ẹ, kí Jímọ̀ má baà bá ààrò tó sán. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tirẹ̀ náà ṣe.

"Mo dá ihò sí nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń mí. Hajiya ti rẹ́ ẹ pa, ó ń dán bí àwo."

"Lọ sọ fún un," ni mo wí.

"Ìyá ta ni?"

Bí mo bá sọ ọ́, á ní mo pe ìmọ́tótó òun ní àṣìṣe, á sì di ẹrù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Ìyá lọ kírun Alásárì, alágbẹ̀dẹ fi irin gbẹ́ ihò náà. Kí Ìyá tó sálámà parí ìrun, iná ti ń jó.

"Ó ti ṣínu," ni Ìyá wí.

Nígbà tí Àlàmísì dé, Ìyá po amọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ń rẹ́ pẹpẹ. Ìyàwó aládùúgbò yọjú lórí ògiri.

"Alhaji, ṣé wọ́n ti lé yín níbi iṣẹ́ ni?"

"Rárá o."

Ìyá dúró lé mi lórí. "O fo ibì kan."

"Ojú mi ni kò rí i, Ìyá."

Ó wo ihò náà. Ó gbé igbá amọ̀ kúrò níwájú mi.

"Bí ojú bàbá rẹ náà ṣe rí nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mò ń rẹ́ ẹ, ojú mi kì í sì í rí ibẹ̀. Kò tún dárúkọ Ìlọrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ṣé ẹ rò pé ìyá mi ò mọ̀?