Àbúrò mi bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà tó fẹ́ gbà wá

Ẹ gba Mùsílíù lọ́wọ́ mi o!

Àbúrò mi ni, òun ló ń wa ọkọ̀ tòmátì wa. Ó dé ọjà wa ní Nima láàárọ̀ yìí, omi ń ṣàn lára ọkọ̀ bí ọbẹ̀. Gbogbo tòmátì ti jẹrà.

Bí òjò ńlá bá ń bọ̀ ní àríwá lókè ọ̀hún, nọ́ńbà ìkìlọ̀ kan máa ń pe àwọn àgbẹ̀ lórí fóònù, á sọ ọ́ ní èdè wọn. Ìyá Fati tó ń gbin tòmátì fún wa gbọ́, ó sáré ká a kí omi tó bo oko. Nọ́ńbà yẹn náà ló ń pe àwọn dẹ́rẹ́bà pé afárá ti já, kí wọ́n gba ọ̀nà mìíràn.

"Mùsílíù, wọn ò pè ọ́ ni?"

"Wọ́n pè, ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé àwọn gbájúẹ̀ mómò tó ń jí owó orí fóònù ni. Mo bulọ́ọ̀kù wọn."

Ló bá lọ jókòó sídìí afárá tó já, ó ń retí kí omi fà!

Ìyá Fati ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ ní Haúsá, ó ń bèèrè bóyá ẹrù dé láyọ̀.

Mo ní kí Mùsílíù dá a lóhùn. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bulọ́ọ̀kù òun náà."

Ẹ̀yin ará àdúgbò Lagos Town níbí, ta ló máa dá mi lẹ́bi bí mo bá na ọkùnrin yìí lónìí?