Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Í Gun Òkè

Mo bá ọlọ́jà jiyàn lónìí, mo sì borí!

Ọ̀wọ́n epo ti sọ mí di apẹ́lẹ́yìn nílé ìwé mi ní Ìkẹjà, ni mo bá lọ ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ní Agége.

Àlàájì tó ń tà á gbé èyí tí táyà rẹ̀ nípọn, tó rí págunpàgun, jáde. "Akẹ́kọ̀ọ́, gba èyí. Òun lòyìnbó fi ń gun òkè!"

Ojú ń tì mí, àmọ́ mo ti máa ń wo àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ kó búrẹ́dì: táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lò.

"Ẹ má bínú, Àlàájì, òkè wo ló wà láti ibí dé Ìkẹjà? Títì ọlọ́dà ni gbogbo ẹ̀."

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àlàájì fúnra wọn tú táyà náà, wọ́n fi tẹ́ẹ́rẹ́ sí i.

"Ọlọ́pọlọ! Kí lorúkọ ẹ?"

Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, Àlàájì lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè orúkọ mi.

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́, táyà wo lẹ̀yin ń lò?