Ọjọ́ Tí Iná Gbé Ọkọ Adébímpé

Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ ló so Adébímpé àti ọkọ rẹ̀ pọ̀. Agùnbánirọ̀ ni Adébímpé nígbà náà. Láti Ṣakí ni wọ́n ti gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ogunu, ní Warri, pé kó wá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kọ̀ tí kò gbóná mọ́, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì júwe ọmọ Ìlàjẹ kan fún un, Akínsànmí, akọ̀wé ní èbúté, tí wọ́n ní kò sí ohun tó bàjẹ́ tí kò lè tún ṣe. Akínsànmí tú áyọ́ọ̀nù náà palẹ̀, ó tò ó padà, nǹkan méjì sì ṣẹ́ kù tí kò mọ ibi tí wọ́n ti jáde. Áyọ́ọ̀nù ò gbóná mọ́ láéláé, àmọ́ ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Akínsànmí ń wá wo ìdí tí kò fi gbóná. Nígbà tí ọdún agùnbánirọ̀ fi pé, gbogbo aṣọ Adébímpé ló ti rún, ọkàn rẹ̀ sì ti fà sí akọ̀wé náà. Ó fẹ́ ẹ.

Ó di ọdún kọkànlá tí wọ́n ti ń gbé nínú ilé kan náà ní àdúgbò Ekurede-Urhobo, ní Warri, àwọn àti Fìyìnfólúwa, ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni mu omi, tí yóò sì fi Píjìn dáhùn. Láàárín ọdún wọ̀nyí, Akínsànmí ti tún fáànù ṣe, fáànù wá ń yí sẹ́yìn, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí àjà. Ó ti tún rédíò ṣe, rédíò wá ń gbé ibùdó kan ṣoṣo, ní èdè tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò gbọ́. Síbẹ̀, ọ̀gá làwọn ará àdúgbò ń pè é, nítorí ó ní àpótí irinṣẹ́ pupa kan, ó sì máa ń fi sìkírúdíráfà há etí. Ìjọ wọn pàápàá fi í ṣe alága ìgbìmọ̀ iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Adébímpé kò tú u fó. Àṣírí ilé kì í ṣe ọjà tí à ń pàtẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì tí firíìsà wọn ń lò bẹ̀rẹ̀ sí í ta pàrà.

"Bàbá Fìyìn, ẹ jẹ́ ká pe Godwin," Adébímpé wí. Godwin ni ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ wáyà iná ní ojúlé kẹta sí tiwọn.

Akínsànmí wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n lọ pe ọkọ mìíràn wá. "Bímpé, kí ni Godwin mọ̀ tí n ò mọ̀?"

"Iná ni."

Akínsànmí ṣí àpótí pupa.

"Ó dáa, ẹ pa súìsì ìta kí ẹ tó fọwọ́ kàn án."

"Pa kí ni? Àná ni wọ́n ti mú iná lọ. Àbí òkùnkùn ló fẹ́ gbé mi?"

Adébímpé padà sí ilé ìdáná, níbi tó ti ń ro sítáàṣì tí wọ́n fẹ́ fi jẹ ọbẹ̀ ẹyìn. Ó ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń fi orin ìjọ súfèé ní pálọ̀. Lójijì, ariwo sọ káàkiri àdúgbò: "Up NEPA!" Ọmọdé ń ké, àgbà ń ké, Fìyìn ń fò sókè lójúde. Akínsànmí náà ké ní pálọ̀. Adébímpé rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dùn mọ́ ọn pé ọkọ òun ṣì lè yọ̀ bí ọmọdé.

Àmọ́ nígbà tí àwọn yòókù dákẹ́, Akínsànmí ò dákẹ́.

Adébímpé yọjú. Ọkọ rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan há mọ́ ara ògiri, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, ó ń pe ìyá rẹ̀, ó ń pe ìyá ìyá rẹ̀, ó tún ń pe ẹnì kan tí Adébímpé ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ó fẹ́ na ọwọ́ fà á, àmọ́ iṣẹ́ olùkọ́ dá a dúró. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kọ ọ́ sójú pátákó fún kíláàsì rẹ̀ pé igi gbígbẹ kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ó sáré já ọmọrogùn gbígbẹ kan tó so kọ́ ara ògiri, ó sì là á mọ́ ọrùn ọwọ́ ọkọ rẹ̀.

"Fi í sílẹ̀!" Iná ló ń bá wí.

Ọwọ́ já kúrò lára ògiri, Akínsànmí ṣubú sẹ́yìn, àmọ́ ọmọrogùn kò tíì dúró. Ti àkọ́kọ́, iná ló wà fún. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó lè jẹ́ iná. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ká má purọ́, nítorí fáànù ni.

Bí ti ẹ̀ẹ̀kẹta ṣe ń bọ̀ wálẹ̀ ni Patience, aládùúgbò wọn tó ń ta ẹja gbígbẹ, já wọlé. Ó rí ọkùnrin nílẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó rí obìnrin tó gbé igi sókè.

"Aunty Bimpe, e don do. Na your husband, no be thief."

Kí Adébímpé tó la ẹnu, Akínsànmí gbórí sókè. "No mind us," ó wí, ahọ́n rẹ̀ ṣì wúwo. "Na small husband and wife matter."

Adébímpé mú un lọ sí ilé oògùn tó wà ní ìkángun òpópónà. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, ó ní kò séwu, kó ṣáà lọ sinmi. Fìyìn tó tẹ̀ lé wọn kò mú ojú kúrò lórí bàbá rẹ̀. "Daddy, your hair don stand like broom."

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, Adébímpé bi í pé, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ òótọ́ fún Patience?"

"Bíléńdà Patience wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, èmi ni mò ń tún un ṣe. Ìkórè sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá gbọ́ pé iná gbé alága iná, ojú wo ni mo fẹ́ fi wọ ìjọ?"

"Kí wọ́n gbọ́ pé ìyàwó yín ń lù yín, ìyẹn ló wá dára?"

Akínsànmí rò ó díẹ̀. "Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ni ìyàwó ń lù," ó wí. "Alága iná kan ṣoṣo ni ìjọ ní."

Ọ̀rọ̀ ò ní ìyẹ́, àmọ́ ó mọ̀ ọ́n fò. Kó tó di Sọ́ńdè, ọmọrogùn ti di ọmọ odó. Nígbà tó fi máa dé àdúgbò Okere lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ti di irin. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó dá Adébímpé mọ̀ rọra yí ojú padà, ó ní, "Madam, hope say you sit well? Make I slow down?" Ọmọ́táyọ̀, ìyàwó tuntun kan nínú ìjọ, dúró dè é lẹ́yìn ìpàdé àwọn ìyá.

"Mọ̀mí, igi wo ni? Ṣé wọ́n ń tà á, àbí ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ ni?"

"Ọmọrogùn ni. Sítáàṣì ni mo fi ń rò."

Ọmọ́táyọ̀ mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ fún.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, àwọn àgbà ìjọ ránṣẹ́ pè wọ́n. Bàbá Obadiah, olórí wọn, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, sọ̀rọ̀ lórí sùúrù títí ẹnì kan fi sùn lọ. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Adébímpé.

"Ìyá Fìyìn, kúnlẹ̀, kí o bẹ ọkọ rẹ."

Adébímpé wo Akínsànmí. Akínsànmí wo bàtà rẹ̀. Adébímpé bá kúnlẹ̀, orúnkún kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí Akínsànmí lè rí i dáadáa. Ó rí i tí ọkọ rẹ̀ la ẹnu. Àmọ́ Bàbá Obadiah ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìwọ náà, Akínsànmí, o ti fara dà á, Olúwa á san ọ́ lẹ́san. Àkàbà wà lẹ́yìn. Wáyà kan já lórí òrùlé, gòkè lọ bá wa so ó. Iná wà báyìí, wàá tètè mọ ibi tó ti já."

"Bàbá," Akínsànmí wí, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, "iná ló gbé mi. Ìyàwó mi ò lù mí, ó gbà mí là ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dìde."

Ó wá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, látorí sọ́kẹ́ẹ̀tì dé orí rédíò. Bàbá Obadiah rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Ó nu ojú.

"Iná gbé èmi náà rí, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Mo ṣubú, mò ń gbọ̀n, mò ń sọ ohun tí n ò mọ̀. Mo sọ fún wọn pé Ẹ̀mí ló bà lé mi. Nítorí ẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí ṣe àgbà ìjọ."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu àwọn àgbà yòókù. Wọ́n ń wo ara wọn.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, Adébímpé bi ọkọ rẹ̀ léèrè. "Bàbá Fìyìn, ṣé orúnkún mi lẹ wò, àbí àkàbà?"

"Orúnkún rẹ ni," Akínsànmí dáhùn, ó yá jù. Lọ́jọ́ tí ayé bá dùn, Adébímpé máa ń gbà á gbọ́ délẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ń gba ìdajì.

Patience wá gba bíléńdà rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe wà. Ojú rẹ̀ ò dùn. "So you no beat am at all? Even small?"

"Small," Adébímpé wí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Godwin dé. Ó kọ́kọ́ pa súìsì ìta, ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì tẹjú mọ́ inú ògiri. Akínsànmí dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó bá a gbé tọ́ọ̀ṣì.

"Oga," Godwin bèèrè, "who join this wire?"

Akínsànmí mi orí tìyanu-tìyanu. "Na the people wey live here before us," ó wí.

Adébímpé dìde, ó lọ sí ilé ìdáná, ó sì pa ilẹ̀kùn dé kó tó bú sẹ́rìn-ín.