Bí Katakata Bá Ti Gbéra

N kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Katakata kan ṣoṣo ni mo ní ní Ṣakí níbí, òun ni mo fi ń bá àwọn àgbẹ̀ túlẹ̀, mo sì ṣì ń san owó tí mo yá láti fi rà á.

Ìwà kan wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ wa. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, wọ́n á pe oníkatakata mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa túlẹ̀. Àwọn yòókù á wá bá ilẹ̀ títú. "Ẹ má bínú o, ẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó dé ni." Ẹ gbọ́ mi! Èmi tí mo ti jó epo láti Ṣakí dé Tẹ̀dé! Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ṣe é fún mi láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà kẹrin, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko olóko, mo sunkún.

Nígbà tí mo sunkún tán, mo lọ bá ẹni tó ń kọ nǹkan sára mọ́tò, mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà sí madigáàdì: BÍ KATAKATA BÁ TI GBÉRA, OWÓ ÀSANSÍLẸ̀ Ò PADÀ MỌ́. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ á kọ́kọ́ san owó epo. Bó bá yí ọkàn padà, kó pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, màá dá a padà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́jọ́ iṣẹ́, ó parí.

Wọ́n bú mi dáadáa. Wọ́n ní mò ń gba owó iṣẹ́ tí n ò ṣe. Mo ní mo ṣe é, mo jáde nílé. Wọ́n bú mi tán, wọ́n sì san án.

Ó wá ku bàbá mi. Tẹ̀dé ni wọ́n ń gbé, àgbẹ̀ paraku ni wọ́n, àwọn ni wọ́n ta kaṣú ọdún méjì kí owó katakata yẹn tó pé. Àwọn náà san àsansílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a dá, a ti kọjá Àgọ́-Àmọ̀dú nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀rẹ́ wọn kan ní mọ́ṣáláṣí ti bá wọn tú u lọ́fẹ̀ẹ́.

"Má wulẹ̀ wá mọ́. Fi owó mi ránṣẹ́."

Dẹ́rẹ́bà mi ń wò mí. Àwa méjèèjì mọ̀ pé bí mo bá fi lè dá ti bàbá mi padà, kó tó di ọjọ́ Jímọ̀ gbogbo ìlú á ti gbọ́, kò sì sẹ́ni tó máa san tiẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, katakata ò mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bí mi."

"Èmi náà?"

"Ẹ̀yin náà, sà."

"Ó dáa." Wọ́n pa fóònù.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n ò dá a padà. Kí n má parọ́, mo tiẹ̀ gbóríyìn fún ara mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pè mí, wọ́n san owó, a fi sí ọjọ́ Àtàláátà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, onílẹ̀ ńlá kan ní Àgọ́-Àmọ̀dú fi owó gidi lọ̀ mí. Mo pe bàbá mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ ká sún un sí Àlàmísì. "Ó dáa," wọ́n ní. N ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ta ni wọ́n fẹ́ fi mí sùn fún?

Nígbà tí mo dé oko wọn lọ́jọ́ Àlàmísì, obìnrin mẹ́fà jókòó sábẹ́ igi kaṣú, igbá irúgbìn àgbàdo wà níwájú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, wọ́n ní kó ka ohun tó wà lára madigáàdì fáwọn. Ó kà á ketekete.

"Bí katakata ò bá wá gbéra rárá ńkọ́?" Èmi ni wọ́n bi. "Níbo lo kọ ìyẹn sí?"

Mo ń wo madigáàdì bíi pé nǹkan míì máa hù níbẹ̀.

"Àwọn tó fẹ́ bá mi gbin àgbàdo yìí kọ iṣẹ́ ẹlòmíì sílẹ̀ nítorí mi. Wọ́n ti wá jókòó síbí láàárọ̀ Àtàláátà kí o tó pè."

Ojú tì mí, wàláì. Mo tú àpò mi, mo ka iye àsansílẹ̀ yẹn gẹ́lẹ́ sí bàbá mi lọ́wọ́. Wọ́n yíjú sí àwọn obìnrin náà, wọ́n pín in fún wọn, kọ́bọ̀ ò kù sí bàbá mi lọ́wọ́.

"Ó yá, ẹ túlẹ̀."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni mo ní kí wọ́n kọ ìlà kejì sí i: BÍ A Ò BÁ WÁ, Ẹ GBA TIYÍN. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti san án látìgbà náà, n ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fojú fò ó. Iṣẹ́ sì ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo tún dé Tẹ̀dé, bàbá mi tí wọn ò mọ̀wé gbé ìka lé ìlà tuntun náà.

"Kà á."

Mo kà á.

"Tún un kà."

Mo tún un kà, sókè, kí dẹ́rẹ́bà mi náà lè gbọ́.