Ipò Mi Lábẹ́ Fèrèsé

Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé owú kò dára. Mo mọ̀. Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wo àyà mi, ẹ ó rí i pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mo jowú lé lórí. Kì í ṣe ibùsùn, kì í ṣe ẹran inú ọbẹ̀. Ipò kékeré kan ni, lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi ní Ìdúmọ̀tà.

Aṣọ ni ọkọ mi ń tà, àǹkárá àti gínnì. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wà, òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì kejì ni a ń kó ọjà sí. Àtẹ̀gùn ilé náà tóóró, ó sì ṣókùnkùn. Ẹni tó bá gbé ìdì aṣọ lé èjìká kò lè bá a sọ̀ kalẹ̀ kó má forí gbá ògiri. Nítorí náà, ojú fèrèsé ni ọkọ mi ti ń ju aṣọ sílẹ̀, ẹnì kan á sì dúró nísàlẹ̀ láti hán an. Gọ́tà wà lápá òsì níbẹ̀. Gbogbo wa la mọ àṣà náà: ẹni òkè á ké pé, "Ó ń bọ̀ o!" ẹni ìsàlẹ̀ á dáhùn pé, "Mo ti rí i!" kí ẹni òkè tó jù ú.

Ìyàwó tuntun ni mí nígbà tí mo kọ́ ọ, lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí. Ìdì àkọ́kọ́ gbá mi láyà, mo sì fìdí jókòó sílẹ̀ gbàgà. Ibi tí aṣọ wà ni mò ń nawọ́ sí, àṣìṣe mi nìyẹn. Bí aṣọ bá kọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni, á ṣe bí ẹni tí kò fẹ́ wá. Tó bá kọjá fèrèsé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ báyìí, eré dé. Ibi tó ń lọ ni kí o gbọ́wọ́ lọ, kí o dúró dè é. Nígbà tó yá, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn bá gún mi lójú tí n kò rí i mọ́, mo ṣì ń hán an. Kó tó dé ìdajì ọ̀nà ni ojú ti sọ fún ọwọ́.

Ọkọ mi rí i. Lọ́jọ́ kan, kò ké. Ó kàn jù ú ni, mo sì hán an. Láti ọjọ́ náà, kò pè mí mọ́. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó yí wa ká ló ń pe àwọn tó ń hán aṣọ fún wọn. Èmi nìkan ni wọn kì í pè. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń ra góòlù fún aya wọn. Ohun tí tèmi fún mi nìyẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju góòlù lọ.

Ọdún tí wọ́n ní kí ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún ló fẹ́ ìyàwó kejì, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó rí tín-ín-rín. N kò bá wọn jà. Ẹ̀sìn wa gbà á. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ìyálé mi, ẹ jẹ́ kí n bá yín hán díẹ̀." Mo ní kó bọ́ síbẹ̀, mo ti múra ẹ̀rín sílẹ̀. Àfi bó ṣe hán an! Ó kàn rìn lọ sábẹ́ aṣọ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ kí ará ilé. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó ní, "Bàbá mi ló máa ń já ọsàn lórí igi, èmi ni mo máa ń hán an kó má baà fọ́." Ọsàn! Èmi fi àyà gba ìdì kí n tó mọ̀ ọ́n, òun fi ọsàn ṣeré kọ́ ọ.

Kò tó oṣù méjì tí ọkọ wa fi ju aṣọ sí i láì pè é. Mò ń gé yáàdì mẹ́rin fún kọ́sítọ́mà lọ́wọ́. N kò gbọ́ "Ó ń bọ̀ o." Mo kàn gbọ́ "pọ̀!" lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Háà! Níṣojú mi! Mo gé aṣọ kọ́sítọ́mà wọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọkọ wa ti lọ kírun, kọ́sítọ́mà kan dé láti Ọ̀yọ́, ó fẹ́ ìdì gínnì kan. Mo ní èmi ni n ó gòkè. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́: kì í ṣe ọjà ló gbé mi gòkè. Mo fẹ́ kí gínnì yẹn bọ́ sí gọ́tà lójú gbogbo Ìdúmọ̀tà, kí ọkọ wa dé kó bá a nínú ẹrẹ̀, kó lè mọ ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀. Mo gbé ìdì náà lé ojú fèrèsé. Ìyàwó ti dúró nísàlẹ̀ láti hán an; mo dúró títí tó fi kẹ̀yìn sí mi, tó ń bá kọ́sítọ́mà sọ̀rọ̀. N kò pè é. Mo taari ìdì náà.

Bí mo ṣe tì í tán ni ẹ̀rù bà mí. Gínnì wúwo, ọrùn èèyàn kì í sì í ṣe irin. Kí n tó lè ké, ó ti kọjá fèrèsé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Bóyá ojú kọ́sítọ́mà tó là sókè ló rí ni o, bóyá òjìji aṣọ nílẹ̀ ni, n kò mọ̀. Ó yí padà, ó wòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ti wà níbẹ̀ kí gínnì tó dé.

Mò ń retí èébú. Ó gbójú sókè, omi lé rọ̀rọ̀ sójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyálé mi! Ẹ̀yin náà ò pè mí mọ́! Ẹ ṣeun o. Mo ti rò pé ẹ ò fẹ́ràn mi."

Ọkọ wa ò tíì bọ́ bàtà tí ìyàwó fi ròyìn fún un. Ọkọ wa wò mí tìfẹ́tìfẹ́. Ó ní, "O káre. Inú rẹ mọ́. Ìbàdí ń dùn mí. Láti ọ̀la, ìwọ ni kó o máa gòkè, kí ìyàwó máa hán an."

Kí ni n ó wí? Pé ṣe ni mo fẹ́ ba aṣọ rẹ̀ jẹ́? Mo ní, "Ẹ ṣeun." Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé ipò mi fún un, wọ́n sì tún yìn mí sí i.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ju aṣọ sí i. N kò jù ú rí kí n má pè é. "Ó ń bọ̀ o!" láàárọ̀, "Ó ń bọ̀ o!" lálẹ́. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé, "Ìyálé mi, kí ló dé tí ẹ tún ń pè mí? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Mo ní rárá, kó má baà fara pa ni. Irọ́ ni mo pa. Ọkọ mi ti fún un ní àìpè tirẹ̀. Àìpè tèmi, kò ní rí i gbà.